Ẹyin Tí Kò Ní Nǹkan Nínú

Mo pín ojú ìwé mi sí méjì: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì onílẹ́tà méjì lápá òsì, onílẹ́tà mẹ́ta lápá ọ̀tún. Bí mo ṣe ń há wọn sórí fún Scrabble nìyẹn. QI ni àyànfẹ́ mi: Q jẹ́ 10, I jẹ́ 1. Ọdún mẹ́ta ni mo fi tò ó kí n tó mọ̀ pé èémí ìyè ni àwọn ará Ṣáínà ń pè bẹ́ẹ̀.

Ní 2015, Nigel Richards gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ti èdè Faransé láìgbọ́ Faransé. Ṣé ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí ló ni ín?

Àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lẹ́tà Scrabble mi kan já bọ́ lánàá, kò fọ́; kò ní nǹkan nínú. Mo kàn ṣà á ni. Síbẹ̀, àdúrà Lárúbáwá tí mò ń kà láti kékeré, èmi ni kò yé. Ó yé Ọlọ́run.