A Borí, Wọ́n Pàdánù: Lórí Ẹni Tí Ó Ni Ẹ̀bi Nínú Iṣẹ́ Àjọṣe

Gbànja ni a fi ń mọ Anyama láàárín àwọn oníṣòwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìlú náà, tí ó wà ní àríwá Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ ibi tí a ti ń kó obì jọ, tí a ti ń ṣà á, tí a sì ti ń dì í ránṣẹ́ sí àwọn ilẹ̀ òkè. Láti ọdún 2020 ni ohun mìíràn ti kún ti obì: pápá ìṣeré ńlá tí a kọ́ sí Ebimpé ní agbègbè Anyama, tí ó lè gba nǹkan bí 60,000 òǹwòran, tí a sì fi orúkọ Ààrẹ Alassane Ouattara pè. Níbẹ̀ ni Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà ti pàdé ní ọjọ́ 11, oṣù kejì, ọdún 2024, láti gbá àṣekágbá ìdíje fún Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. William Troost-Ekong ni ó kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n fún Nàìjíríà. Franck Kessié dá a padà. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, Sébastien Haller gbá èkejì wọlé. Côte d'Ivoire borí pẹ̀lú ayò 2 sí 1.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kìíní, ọdún kan náà, lórí pápá kan náà, Nàìjíríà ni ó borí pẹ̀lú ayò 1 sí òdo. Ẹni tí ó bá fetí sí bí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe ń sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn irú eré méjèèjì báyìí yóò ṣàkíyèsí ohun kan tí kò yẹ kí olùkọ́ èdè fojú fò dá. Bí a bá borí, 'a nà wọ́n' ni ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn. Bí a bá pàdánù, 'wọ́n gbá ìgbákugbà', 'wọ́n já wa kulẹ̀'. Arọ́pò-orúkọ ti yí padà. Ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, tí ó jókòó sórí àga ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham, wà nínú 'a' tí ó ṣẹ́gun. Nígbà tí eré bàjẹ́, ó ti bọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ti di 'wa', ẹni tí a ṣẹ̀. Kì í sì í pẹ́ tí 'wọ́n' pàápàá fi ń súnkì, títí yóò fi di 'ó': orúkọ ẹnì kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn àṣekágbá Ebimpé, Alex Iwobi ni orúkọ náà. Èébú àti èpè tí àwọn ènìyàn dà lé e lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi kó àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lójú òpó rẹ̀. Balógun ikọ̀ náà, Ahmed Musa, ní láti jáde bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n dáwọ́ dúró. Mọ́kànlá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré, a pààrọ̀ àwọn mìíràn, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó sì to gbogbo wọn. Ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ yìí gbé dìde kì í ṣe ti eré ìdárayá nìkan. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ kan, tí iṣẹ́ náà kò sì yọrí sí rere, ta ni ó ni ìjákulẹ̀ náà? Ǹjẹ́ ó tọ̀nà kí ẹ̀bi tí ó ti ọwọ́ púpọ̀ wá sọ̀ lé orí ẹnì kan?

Bí a bá fẹ́ rí bí ìbéèrè yìí ti ṣe pàtàkì tó, ó yẹ kí a lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1905. Bọ́ọ̀lù tí àwọn yunifásítì ibẹ̀ ń gbá nígbà náà yàtọ̀ sí ti Ebimpé: ó gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọn a sì máa fi ara gbá ara wọn lulẹ̀. Eré tí ó le ni. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn Chicago Tribune ti ṣírò rẹ̀, ènìyàn 18 ni ó kú nídìí eré náà ní sáà yẹn nìkan, Ààrẹ Theodore Roosevelt fúnra rẹ̀ sì pe àwọn aṣojú Harvard, Yale àti Princeton wá sí ilé ìjọba ní oṣù kẹwàá láti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ní sáà náà, ikọ̀ Yunifásítì Michigan ni ìbẹ̀rù gbogbo ènìyàn. Fielding Yost ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Láti ọdún 1901 tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn, eré 56 ni wọ́n ti gbá láìsí ẹni tí ó borí wọn. Ní 1905, eré 12 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n borí nínú gbogbo rẹ̀, kò sì sí alátakò kan tí ó rí àmì ayò kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ wọn.

Eré kẹtàlá ni ó kẹ́yìn. Ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ni wọ́n lọ bá Yunifásítì Chicago nílé. Eré náà le, kò sí ẹni tí ó rí ayò gbá. Nígbà tí ó yá, Chicago ta bọ́ọ̀lù jìnnà wọ ẹ̀yìn ìlà ilé Michigan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dennison Clark mú un. Ó lè dúró síbi tí ó wà kí ewu kọjá, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú láti gbé e sáré jáde. Àwọn ará Chicago gbá a mú, wọ́n sì dá a dúbúlẹ̀ lẹ́yìn ìlà ilé ara rẹ̀. Òfin eré náà fún alátakò ní àmì méjì fún irú ìyẹn. Báyìí ni eré ṣe parí, 2 sí òdo. Ní gbogbo sáà náà, àmì 495 ni Michigan gbà. Méjì péré ni wọ́n gbà lára wọn, méjì ọ̀hún sì ni ó ba ọdún márùn-ún jẹ́.

Clark ni gbogbo ayé dá lẹ́bi. Àwọn ìwé ìròyìn kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, ẹ̀bi náà sì tẹ̀ lé e kiri. Ní ọdún 1932, nígbà tí ó ti di àgbàlagbà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìròyìn tí ó tàn kálẹ̀ nígbà náà ni pé ó mẹ́nu ba eré ọjọ́ náà nínú ìwé tí ó fi sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí a fi okùnfà kan ṣoṣo ṣàlàyé ikú rẹ̀. Ìyẹn pàápàá yóò jẹ́ irú àṣìṣe tí àròkọ yìí ń tako. Ṣùgbọ́n pé ọdún 27 kọjá, tí àwọn ènìyàn sì tún fi eré ọjọ́ kan ka ìtàn ayé rẹ̀, tó ohun tí a ń ronú lé.

Ìṣirò tí ó rọrùn kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí ń dá Clark lẹ́bi kò ṣe. Bí Michigan bá gba àmì mẹ́ta péré lọ́jọ́ náà, àṣìṣe Clark ì bá ti di ohun ẹ̀rín lásán. Ikọ̀ tí ó gba 495 kò rí ẹyọ kan gbà lọ́wọ́ Chicago. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ kùnà láti gba ayò, ṣùgbọ́n ìkùnà tí ó tàn ká ara púpọ̀ kò ṣeé fi ojú rí. Ti Clark ní ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì ní orúkọ. Ojú ènìyàn a máa lọ síbi tí nǹkan ti já, kì í lọ síbi tí ó ti ń gbó díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà mọ èyí tí wọ́n fi ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èrò ọmọdé ni kí a máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí nìkan.

Àríyànjiyàn kan wà tí ó lágbára lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a sá fún un. Bí a bá ní ẹ̀bi kì í ṣe ti ẹnì kan, a jẹ́ pé ìyìn náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí Clark kò bá ni àmì méjì yẹn, báwo ni Haller ṣe ni góòlù tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹni pé ó dọ́gba, ṣùgbọ́n àṣà Yorùbá kò pín ìyìn bí ayé ti ń pín ẹ̀bi. Bí a bá ki ènìyàn, a kì í ki òun nìkan: a ó ki baba rẹ̀, a ó ki ilé ìyá rẹ̀, a ó dárúkọ ìlú àti odò àti iṣẹ́ tí ìran rẹ̀ ń ṣe. Oríkì kò gba góòlù lọ́wọ́ ẹni tí ó gbá a, ó kàn ń fi hàn pé ẹsẹ̀ púpọ̀ ni ó wà nínú ẹsẹ̀ kan. Bí ìyìn bá lè ní ìdílé, kò sí ìdí tí ẹ̀bi yóò fi di ọmọ òrukàn. Ó yẹ kí a gbà, síbẹ̀, pé àwa Yorùbá náà kì í sábà mú ìlànà yìí lò dé òpin. Àwọn kan a máa sọ pé ọmọ tí ó dára, ti baba ni. Èyí tí ó bàjẹ́, ti ìyá ni. Irú ìpín tí Iwobi rí gbà ni àwọn ìyá ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́.

Èyí kò sọ pé kò sí ẹ̀bi ẹnì kan rárá. Agbábọ́ọ̀lù tí ó gba rìbá, tàbí tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn, ní ẹ̀bi tí kò ṣeé pín. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìwà àti àṣìṣe. Clark kò ṣe ọ̀lẹ. Ìtara ni ó pa á lára. Ká fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra: ọ̀rọ̀ yìí kò ní kí a má báni wí, ọwọ́ kejì ni ó ń béèrè.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a rò ni ipa tí oríire ń kó. Ìtàn kan wà nínú ẹsẹ Ifá, tí Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé lé lórí, nípa bí gbogbo orí ṣe péjọ tí wọ́n gbìmọ̀ láìpe ẹsẹ̀, tí ìmọ̀ràn wọn kò sì yọrí sí rere. Ohun tí àwọn onímọ̀ sábà ń fà yọ níbẹ̀ ni pé kádàrá láìsí akitiyan, òfo ni. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí ó jẹ́ ti ẹsẹ̀ nìkan kò sí nínú ìtàn náà. Ẹsẹ̀ kò lè fi orí sílẹ̀ nílé kí ó lọ dá ṣẹ́gun.

Ìrìn Côte d'Ivoire ní ọdún 2024 fi èyí hàn ju àlàyé lọ. Ní ọjọ́ 22, oṣù kìíní, Equatorial Guinea nà wọ́n ní ayò 4 sí òdo lójú àwọn èrò ara wọn ní Ebimpé. Àmì mẹ́ta péré ni ó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní láti dúró kí àwọn ẹlòmíràn gbá eré tiwọn. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni Morocco borí Zambia ní San-Pédro, ayò kan ṣoṣo ni, ó sì fún Côte d'Ivoire ní àyè tí ó kẹ́yìn láàárín àwọn tí ó ṣe ipò kẹta. Pẹnárítì ni wọ́n fi lé Senegal lọ. Nínú eré wọn pẹ̀lú Mali ní Bouaké, ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n kù láti ìdajì àkọ́kọ́. Ní ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún ni wọ́n tó dá ayò padà, ìgbà tí ọgọ́fà ìṣẹ́jú sì ti kọjá ni Oumar Diakité tó gbá èyí tí ó gbà wọ́n là. Àwọn kan ní ife tí a gbà báyìí kò tọ́ sí wọn. Ọ̀rọ̀ wọn kò fìdí múlẹ̀: òfin ipò kẹta ti wà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè 24 ni ó gbà á wọlé. Ohun tí ìrìn náà kọ́ni ni pé ìṣẹ́gun àti ìjákulẹ̀ kò jìnnà síra bí ohùn àwọn òǹwòran ti ń mú un jìnnà.

Haller fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ní ọdún 2022 ni a rí àrùn jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Ó gba ìtọ́jú, ó sì padà sórí pápá. Ní ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, nígbà tí Borussia Dortmund nílò ìṣẹ́gun kan ṣoṣo láti gba ife líìgì Jámánì, òun ni ó gba pẹnárítì tí aṣọ́lé Mainz mú. Eré parí ní 2 sí 2, ife bọ́ sọ́wọ́ Bayern. Bí a bá ti ka ìtàn rẹ̀ pa lọ́jọ́ náà bí a ti ka ti Clark pa, èwo ni a ó pe ẹni tí ó na ẹsẹ̀ síwájú ní Ebimpé ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà?

Ó yẹ kí a rántí àwọn tí arọ́pò-orúkọ yìí kò rọrùn fún rárá. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Ẹjìgbò, ni ó ti fi Côte d'Ivoire ṣe ilé láti ìran dé ìran, tó bẹ́ẹ̀ tí èdè Faransé fi di èdè tí a ń gbọ́ ní ọjà Ẹjìgbò fúnra rẹ̀. Fún ọmọ tí a bí sí Abidjan, tí bàbá rẹ̀ àgbà sì sùn sí Ẹjìgbò, 'a borí' àti 'a pàdánù' jọ jẹ́ òtítọ́ ní alẹ́ ọjọ́ 11 yẹn. Kò sí ibi tí ó lè bọ́ sí láti máa pe ẹnikẹ́ni ní 'wọ́n'. Àwọn agbábọ́ọ̀lù pàápàá kò jìnnà sí i: Haller àti akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ Emerse Faé, ilẹ̀ Faransé ni a bí wọn sí, Troost-Ekong, ilẹ̀ Netherlands, Ademola Lookman, London.

Faé kọ́ ni ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà. Jean-Louis Gasset ni, Faé sì jẹ́ igbákejì rẹ̀. Ọjọ́ 24, oṣù kìíní, ọjọ́ kan náà tí Morocco ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ni a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Gasset nítorí ìyà ayò mẹ́rin. Orúkọ Faé ni ó wà lára ife náà, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ àmì mẹ́ta tí ó gbé Côte d'Ivoire ré kọjá Zambia àti Ghana, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní méjì, ti ọjọ́ 13 ni, nígbà tí wọ́n borí Guinea-Bissau pẹ̀lú ayò 2 sí òdo ní Ebimpé, tí Gasset sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.