Aṣọ Kọ́ Ni Àṣẹ
Ẹ̀kọ́: Jóṣúà 9:3-16



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a ń bọ̀ láti ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tan tọ́ọ̀ṣì sí ọkọ̀ wa. Ọ̀kan wọ aṣọ dúdú bíi ti ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A kò rí ọkọ̀ ọlọ́pàá, a kò sì rí ìbọn. Àwọn kan nínú wa ní kí awakọ̀ sáré. Àwọn mìíràn ní kí ó dúró, nítorí Róòmù 13 kọ́ wa láti tẹríba fún aláṣẹ. Ìyá kan wá sọ pé, "Ọmọ mi, rọra máa lọ. Ilé epo tó wà níwájú yẹn, ibẹ̀ la ó ti dúró." A dúró níbẹ̀, nínú iná àti èrò. Àwọn ọkùnrin náà kò wá. Títí di òní, a kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ẹ rántí àwọn ará Gíbéónì. Wọ́n wọ bàtà tí a lẹ̀, wọ́n gbé àkàrà tó ti bu dání, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá. Jóṣúà àti àwọn àgbà gba ohun tí ojú rí, wọn kò béèrè lọ́wọ́ Olúwa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tó mọ̀ pé aládùúgbò wọn ni. Àṣẹ ni Ọlọ́run ní kí a bọ̀wọ̀ fún. Aṣọ kọ́ ni àṣẹ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú bíbéèrè.

Nítorí náà, èkíní, kí a tètè máa jáde nílé, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá wa lọ́nà, kí ìwé ọkọ̀ wa sì pé.

Èkejì, bí ọkàn wa kò bá balẹ̀, kí awakọ̀ dẹ eré, kí ó tan iná inú ọkọ̀, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀. Kí a wo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ wọn. Kí a fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí a jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Kí a pe 112, tàbí 122 ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, kí a sì sọ fún ará ilé ibi tí a wà.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá na ìbọn, kí a dúró, kí ọwọ́ wa hàn, kí a má jiyàn. Owó ṣeé wá, ẹ̀mí kò ṣeé rà.

Síbẹ̀, kí a má bú ọlọ́pàá tòótọ́. Ọmọ wa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń dúró nínú oòrùn àti òjò.

Nehemáyà gbàdúrà, ó sì tún yan olùṣọ́. Ìfura loògùn àgbà. Kí Olúwa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.