Ìgbafẹ́ Tọkọtaya: Ẹ̀tọ́ ni Tàbí Ẹ̀bùn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun tàbí ìṣọ̀kan ìlú bá délẹ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a gbé e wọ inú ilé tọkọtaya pẹ̀lú, kí a sì béèrè pé: nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bá tán, ta ni ó ni àkókò tí ó ṣẹ́ kù? Ṣé ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ni, tàbí ẹni tí ó ń retí rẹ̀ nílé?

Ká ní tọkọtaya kan ń gbé ní Ìdógò, ní ilẹ̀ Yewa. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ, aya ń ta gàrí. Bí ọkọ bá ti gbé ayùn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìdí ọpọ́n ayò ni ó ń gbà lọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Aya a jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, a máa hun ẹní. Kò sí ìjà, kò sí ebi. Ní ọjọ́ kan, aya ní kí àwọn jọ lọ sí Ìlaròó, kí wọ́n rìn káàkiri, kí wọ́n sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ta ni ó kú? Kí ni a fẹ́ rà?" Aya rẹ́rìn-ín. Ó tún bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Láti ìgbà náà, kò sọ ọ́ mọ́.

Ǹjẹ́ ọkọ yìí jẹ̀bi? Àwọn kan yóò ní kò jẹ̀bi rárá. Ó ń bọ́ ilé rẹ̀, kì í nà án, kì í bú u. Wọ́n á ní àṣà àjèjì ni kí tọkọtaya máa rìn kiri láìnídìí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń gba Ìfọ̀ àti Ìlaròó wá sí Ìdógò, níbi tí ojú irin parí sí, ẹrù oko ni ó ń gbé lọ, ìgbafẹ́ kọ́ ni a torí rẹ̀ là á. Wọ́n á sì fi kún un pé ìgbafẹ́ tí a bá fi ipá múni ṣe ti di iṣẹ́. Òtítọ́ wà nínú èyí.

Ṣùgbọ́n àṣà ilẹ̀ Yewa fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí takò wọ́n. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ìṣúra gbogbo ayé. Ọkùnrin ni ó ń gbé e, ṣùgbọ́n ìyá ni a fi ń yẹ́ sí. Gèlè, ìró àti ọ̀já tí ọkùnrin fi ń jó, lọ́wọ́ àwọn obìnrin ni ó ti sábà máa ń yá wọn. Eré ọkọ kò pé láìsí ẹrù aya. Aya náà a sì wà lágbo, a máa wo aṣọ rẹ̀ bí ó ti ń jó. Kì í ṣe ọjà ni wọ́n torí rẹ̀ péjọ, kì í sì í ṣe òkú.

Nítorí náà, ìgbafẹ́ kì í ṣe gbèsè tí aya lè sin ọkọ. Ẹ̀bùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí a kò fún ni rí láti ọdún dé ọdún ti di àìkanisí. Ohun tí aya gbẹ́nàgbẹ́nà béèrè kì í ṣe Ìlaròó. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun níye lórí fún ọkọ òun ní ọjọ́ tí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Ẹni tí ó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ọkọ má ṣe rò pé ìdákẹ́jẹ́ aya ni ìtẹ́lọ́rùn.

Kò di dandan kí ọkọ máa hun ẹní, tàbí kí ó kọ àwọn ọ̀rẹ́ ìdí ayò rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpọ́n ayò lè kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ilé 12 ni ó wà nínú rẹ̀, ọmọ 48 ni a ń ta níbẹ̀. Ilé 6 jẹ́ ti ẹnì kan, ilé 6 jẹ́ ti ẹnì kejì. Bí ọmọ bá tán nílé ẹnì kejì, ọ̀tá àná a ní láti ta ọmọ sí i, kí eré má baà kú. Bí a bá lè ṣe èyí fún ẹni tí a fẹ́ pa láyò, mélòó mélòó ni ẹni tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí?