Bí Afòsókè Bá Farapa, Ta Ni Yóò Rọ́pò Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ eré ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ eré kò lè di ọ̀rọ̀ àgbà, kò tíì gbé ìlú Melbourne rí nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ọsirélíà bá ń lọ sí òpin.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní ọkùnrin gíga kan tí gbogbo wọn gbójú lé. Ó fò sókè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó balẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Dókítà ní ó di ọdún tí ń bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mìíràn kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó kù nílẹ̀ tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 19 tí kò tíì wọ agbo àwọn àgbà rí. Ṣé kí wọ́n fi í síbẹ̀ ni, àbí kí wọ́n fa àgbà kan wá láti ipò mìíràn, ẹni tí kò ga tó o, ṣùgbọ́n tí ó ti pẹ́ nínú eré náà? Àwọn baba inú ẹgbẹ́ wa ti jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí títí oúnjẹ fi tutù, nítorí pé àwọn ọmọ wa náà ti ń gbá eré yìí ní àdúgbò, wọ́n sì ń ga sí i lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí á kọ ọ́ sílẹ̀.

Fún àǹfààní àwọn ìyá àti baba wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tí wọ́n ń rí eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n sì rò pé ìjà ni, ẹ jẹ́ kí á ṣe àlàyé díẹ̀. Ní Melbourne níhìn-ín ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1859. Pápá rẹ̀ rí bí ẹyin, bọ́ọ̀lù rẹ̀ náà rí bí ẹyin. Ènìyàn 18 ló ń gbá a ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n lè fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú sí ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ jù ú. Bí ó bá gba àárín òpó méjì tó ga wọlé, àmì 6 ni. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́, àmì 1 ni. Nígbàkígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn gbogbo góòlù, rẹfirí á gbé bọ́ọ̀lù lọ sókè ní àárín gbùngbùn pápá, ọkùnrin gíga méjì, ọ̀kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, á sì fò tẹ̀ lé e láti fi ọwọ́ tì í sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn kúkúrú tó wà nílẹ̀. Ruckman ni wọ́n ń pe irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Àwa yóò máa pè é ní afòsókè. Ọ̀pọ̀ wọn ga tó mítà 2, wọ́n sì wọn tó kílò 100. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti akọpẹ. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni yóò ṣa ẹyìn, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá gun ọ̀pẹ, kí ni wọn yóò ṣà?

Àwọn àgbà wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú eré yìí, ọ̀rọ̀ náà yí padà díẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ọmọdé tó pẹpẹ, àní ó kọjá pẹpẹ. Mason Cox, ará Amẹ́ríkà tí ẹgbẹ́ Collingwood mú wá láti inú básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ní ọdún 2014, ga ní sẹ̀ǹtímítà 211, kò sì tíì gbá eré yìí rí nígbà tí ó dé. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ bí a ti ń ga. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ni ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ sí kí á tó fò, bí a ti ń mọ ibi tí ẹni tiwa dúró sí láìwo ẹ̀yìn, àti bí a ti ń fi ara ko ẹni kílò 100 tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún 10. Èyí kò sí nínú ìwé. Nǹkan bí ọdún 2 ni Cox fi kọ́ ọ kí wọ́n tó fi í sójú agbo ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2016, níwájú àwọn òǹwòran tó lé ní 80,000.

Nínú iṣẹ́ ọwọ́ tiwa, a ní ọ̀nà tí a fi ń yanjú èyí. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ á fi ẹwìrì fínná títí kí ọ̀gá tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan owú. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ á gé bébà, á gé àkísà, kí wọ́n tó gbé aṣọ òfì oníbàárà lé e lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ọ̀gá ti wá ohun tí kò wọ́n fún ọmọ iṣẹ́ láti bà jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ kejì, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá eré láìsí ariwo púpọ̀, ni àkísà eré bọ́ọ̀lù yìí. Ṣùgbọ́n ìfarapa kì í dúró kí ọmọ iṣẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù. Ọ̀gá ti ṣubú lulẹ̀, òfì wà lórí tábìlì, oníbàárà sì ń bọ̀ wá gbé e lọ́la.

Kí á tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn tó ń jiyàn máa ń dà pọ̀: ewu pé ẹgbẹ́ yóò pàdánù, àti ewu pé ọmọ yóò kán. Orúnkún àwọn afòsókè méjì a máa pàdé lókè. Ní ọdún 2005, àwọn aláṣẹ eré náà fa ìlà róbótó kan tó fẹ̀ ní mítà 10 sí àárín pápá, wọ́n ní afòsókè kò gbọdọ̀ ti ẹ̀yìn rẹ̀ sáré wá mọ́, nítorí pé iṣan tó wà lẹ́yìn orúnkún ń já lára wọn jù. Bí èyí bá ń ṣe àwọn géńdé, kí ni ọmọ tí egungun rẹ̀ kò tíì gbó ń wá níbẹ̀? Lójú tiwa, níbi tí ó bá ti jẹ́ pé ara ọmọ ni a óò fi san gbèsè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa sọ̀rọ̀ pé àǹfààní ni. Bí dókítà bá ní ara rẹ̀ kò tíì tó, kí ẹgbẹ́ lọ pàdánù. Ó rọrùn láti kọ, kò rọrùn láti ṣe, pàápàá nígbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sí i. Ọ̀dọ́ wo ló máa ń sọ pé òun kò lè ṣe é?

Ṣùgbọ́n bí ara bá ti tó, tí ó jẹ́ ìrírí nìkan ló kù, ọ̀rọ̀ di mìíràn.

Ẹ wo ẹgbẹ́ West Coast Eagles ní ìlú Perth. Nic Naitanui, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Fiji, ni afòsókè wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, iṣan orúnkún òsì rẹ̀ já, kò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan ní 2017. Wọn kò fi ọmọdé rọ́pò rẹ̀. Wọ́n lọ mú Drew Petrie, ẹni ọdún 34 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ti jọ̀wọ́ rẹ̀, àti Nathan Vardy, tí ìfarapa kò jẹ́ kí ó gbá eré púpọ̀ ní Geelong. A kò lè sọ pé wọ́n ṣìnà, nítorí pé àwọn méjèèjì ṣiṣẹ́. Petrie fẹ̀yìn tì ní òpin ọdún náà, ohun tí ó mọ̀ sì bá a lọ. Ti Vardy kù sílé. Nígbà tí ó di oṣù keje ọdún 2018, orúnkún ọ̀tún Naitanui tún já. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, nínú àṣekágbá, Collingwood ṣì ń ṣíwájú nígbà tí ó kù bí ìṣẹ́jú 2. Jeremy McGovern gba bọ́ọ̀lù mọ́wọ́, ó gbá a sí Vardy, Vardy gbá a sí Liam Ryan, Ryan gbá a sí Dom Sheed, Sheed sì ti ẹ̀gbẹ́ ìlà gbá a wọlé. West Coast gba ife náà pẹ̀lú àmì 79 sí 74. Ọwọ́ ẹni tí wọ́n kó wá dí àlàfo ni bọ́ọ̀lù náà gbà kọjá.

Ẹni tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ jù ni Jim Stynes, nítorí pé àlejò ni bíi tiwa. Ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland ni wọ́n ti bí i. Ẹgbẹ́ Melbourne lọ wá àwọn ọ̀dọ́ gíga níbẹ̀, Stynes sì dé ní ọdún 1984, ọmọ ọdún 18. Bọ́ọ̀lù róbótó ló mọ̀. Èyí tó rí bí ẹyin yìí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wọ́n tilẹ̀ yá a fún Prahran, ẹgbẹ́ kan nínú ìdíje tó kéré, kí ó lè lọ gé àkísà tirẹ̀. Ọdún 1987 ni ó wọ àárín àwọn àgbà. Ní ọdún náà ni Melbourne dé ìpele ìkẹyìn ìdíje fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1964.

Nínú eré tó ṣáájú àṣekágbá, Melbourne fi àmì 4 ṣíwájú Hawthorn, aago ìparí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. Gary Buckenara ti Hawthorn ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó wà jìnnà. Stynes, ẹni ọdún 21, sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá láti lọ dí ẹlòmíràn. Òfin kò gba bẹ́ẹ̀. Rẹfirí sún Buckenara síwájú ní mítà 15, ó gbá a wọlé lẹ́yìn tí aago ti dún, Hawthorn sì fi àmì 2 borí. John Northey tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Melbourne na ìka sí ọmọ náà, ó bá a wí, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e fún gbogbo ayé rí.

Ta ló jẹ̀bi? Àwọn kan á ní Stynes ni, ojú ni wọ́n fi rí i. Àwa ní kí á rò ó síwájú sí i. Ẹni tí ó ti kékeré gbá eré náà kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀; ohun tí kò sí lára Stynes lọ́jọ́ náà ni ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò sí lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n yàn án. Ẹni tí ó bá yan aláìrírí ti ra àṣìṣe rẹ̀ mọ́ ọn. Kò lè máa jẹ èrè fífò rẹ̀, kí ó wá dá àṣìṣe rẹ̀ padà bí ẹni dá ọjà padà fún ìyá ọlọ́jà.

Síbẹ̀, a kò lè fi èyí pa ẹnu ẹni tó pàdánù dé. Robert Flower ni ọ̀gá àwọn agbábọ́ọ̀lù Melbourne nígbà náà. Láti 1973 ló ti ń gbá fún wọn, eré 272, kò sì tíì tọ́ ìpele ìkẹyìn wò rí títí di ọdún 1987 yìí. Eré tí a ń sọ yìí ló gbá kẹ́yìn láyé rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ó dé àṣekágbá, àṣìṣe ọmọdé kan sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló yàn, Flower ló san án. A ti yí èyí sọ́tùn-ún, a yí i sósì, a kò rí ọ̀nà tí kò fi ní dùn ún. Ohun tí a rí kò ju pé kò sí ẹni tó di afòsókè láìjẹ́ pé àwọn kan bá a pàdánù kọ́kọ́, àwọn yẹn kì í sì í sábà wà níbẹ̀ nígbà tí èrè bá dé.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iwájú tí Stynes ń wò ni ọdún 1988, bóyá wọn yóò tún pè é. Wọ́n pè é, ọdún náà ni Melbourne sì dé àṣekágbá. Ní 1991, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Brownlow, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù jù tí kò sì rú òfin. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: tí kò sì rú òfin!

Nítorí náà, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá àdúgbò bá wá bá ẹ̀yin òbí pé afòsókè àwọn ti farapa, pé ọmọ yín ga, ẹ má ṣe yára yọ̀, ẹ má sì ṣe yára bínú. Àwọn kan wà tí wọ́n ń rí gíga àwọn ọmọ dúdú kí wọ́n tó rí ọmọ náà. Ẹ bi í léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, bí ọmọ yín bá ṣe ẹgbẹ́ náà pàdánù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ ju bí ó ti yin ọmọ náà lọ.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn Stynes tí àwọn èwe wa kì í gbójú fò. Ẹni tí wọ́n fún láyè yìí, nígbà tí ó jókòó tán, kò dìde mọ́. Láti 1987 dé 1998, ó gbá eré 244 tẹ̀ léra láìpa ọ̀kan jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe irú rẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn baba ń yìn ín fún èyí. Àwọn èwe ń béèrè pé ọmọ gíga mélòó ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá fún ọdún 11 tí wọ́n ń retí kí ó rẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè wọn kò burú. Ní 1998 ni Jeff White, ẹni ọdún 21, dé sí Melbourne láti Fremantle, ọmọ tí ó ń fò ju àwọn tó ga jù ú lọ. Òun àti Stynes jọ gbá ọdún kan ṣoṣo pọ̀. Stynes fẹ̀yìn tì ní òpin rẹ̀, White sì gbá fún Melbourne títí di ọdún 2008.