Má Ṣe Lé Oníbèérè

 

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, lọ́kùnrin lóbìnrin, wáásí oṣù yìí kò jìnnà sílé. Ní abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagelu, àwa ọ̀dọ́ mélòó kan máa ń péjọ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Àsárì. A ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì sórí tábìlì ilé kéú, a ó sì máa kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Arákùnrin kan tí ó ti ilé ẹ̀kọ́ gíga dé ló ń kọ́ wa ní èdè kan tí wọ́n ń pè ní Lisp. Lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan, ọmọ àgbẹ̀ bíi tiwa, wo ohun tí a kọ sí bọ́ọ̀dù, ó ní: "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àkámọ́ fi pọ̀ tó báyìí?" Ni ẹ̀rín bá sọ. Ẹnìkan ní kó lọ kọ́ a-b-d ná. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti rí i mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ dára. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí a ti dáhùn rẹ̀ nígbà náà.

Èdè kọ̀ǹpútà ni a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ. John McCarthy, olùkọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ Lisp ní 1958. Bí o bá fẹ́ ro 2 pọ̀ mọ́ 3 nínú rẹ̀, (+ 2 3) ni wà á kọ. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe ló ń ṣáájú, ohun tí a ó fi ṣe é á tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti wàláà kò ní bẹ̀rù èyí, nítorí nínú gbólóhùn Lárúbáwá, ọ̀rọ̀-ìṣe sábà máa ń ṣáájú ẹni tó ṣe é. Àkámọ́ ló ń sọ ibi tí àṣẹ kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Àkámọ́ sì lè wà nínú àkámọ́, bí igbá ṣe ń wà nínú igbá.

Orúkọ Lisp gan-an, ṣíṣe iṣẹ́ lórí àtòjọ ló túmọ̀ sí. Mú tẹ̀sùbáà rẹ. Báwo ni Lisp yóò ṣe kà á? Bí okùn bá ṣófo, òdo ni. Bí kò bá ṣófo, yọ ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́, pè é ní ení, kí o sì fi kún iye ìyókù. Ìyókù ńkọ́? Ọ̀nà kan náà ni wà á fi kà á, títí okùn yóò fi ṣófo. Ètò náà ń pe ara rẹ̀. Wàyí o, ètò Lisp fúnra rẹ̀, àtòjọ nínú àkámọ́ ni. Nítorí náà ètò kan lè kọ ètò mìíràn, ẹni tó ń lo èdè náà sì lè dá àṣẹ tuntun sílẹ̀ láìdúró de ẹni tó ṣe é. Ìdí àkámọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ̀rín ni a fi rọ́pò rẹ̀.

Àwa kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìwà yìí. Àwọn tó ń kọ èdè mìíràn ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ Lisp ní agbéraga, pé wọ́n ń wo ọmọnìkejì bí ẹni tí kò tíì lajú. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Onísùúrù wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan láàrin wọn fúnra wọn ti sọ pé nítorí pé èdè náà mú kí ó rọrùn fún ẹnìkan láti dá tirẹ̀ ṣe, oníkálùkù ló ń dá oko tirẹ̀ ro, àáró sì ṣòro láàrin wọn. Nígbà kan, ẹ̀ka Lisp pọ̀ débi pé ètò tí a kọ fún Maclisp kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Interlisp. Ní 1981 ni àwọn kan tó jókòó láti wá ohun tí yóò pa wọ́n pọ̀. Ìwé Common Lisp jáde ní 1984, ìlànà ANSI rẹ̀ sì jáde ní 1994. Ọdún mẹ́tàlá! Scheme, tí Steele àti Sussman bẹ̀rẹ̀ ní 1975, dúró lọ́tọ̀ títí dòní, ọ̀run kò sì ya lulẹ̀.

Ní kíláàsì tiwa, kò pẹ́ tí àwọn kan fi ní Python làwọn ń fẹ́. Tábìlì di méjì. Àwọn tí wọ́n jọ kírun lẹ́yìn imáàmù kan náà kò kí ara wọn mọ́. Ẹ rántí sàábé Umar. Ó gbọ́ tí Hisham ọmọ Hakim ń ké Sùúrà Furqan lọ́nà tí kò bá tirẹ̀ mu. Díẹ̀ ló kù kó dì í mú lórí ìrun. Nígbà tó sálámà, ó fi aṣọ fà á lọ sọ́dọ̀ Ànábì (s.a.w.). Ànábì ní kó fi í sílẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì ké e, ó sì fi yé wọn pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ aáfà àgbà nílẹ̀ Yorùbá, kíké Warsh ni wọ́n bá. Ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí, Hafs ni. Àlùkùránì ò pín sí méjì. Ṣé orí Python àti Lisp ni ọmọ ìyá yóò wá ti máa bínú?

Ní ti oníbèérè, ìtàn Muawiyah ọmọ al-Hakam tó wa. Ènìyàn kan sín lórí ìrun, ó sì ṣàdúà fún un sókè, torí kò mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn wò ó lójú burúkú, wọ́n ń lu itan. Nígbà tí wọ́n kírun tán, Ànábì (s.a.w.) kò jágbe mọ́ ọn, kò nà án, kò bú u, ó kàn ṣàlàyé ohun tí ìrun wà fún. Muawiyah ní òun kò rí olùkọ́ tó dára jù ú lọ rí.

Ẹ má sì fojú kéré ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. McCarthy kọ apá kan nínú ìwé rẹ̀ fún kíkà lásán. Steve Russell, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, ló ní òun yóò gbé e sínú ẹ̀rọ IBM 704. Ọ̀gá ní ìyẹn kọ́ ni òun torí rẹ̀ kọ ọ́. Ọmọ náà ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́. Nílé níbí, Anuoluwapo Karounwi ti ṣe Yorlang, èdè kọ̀ǹpútà tí jẹ́kí àti sọpé jẹ́ àṣẹ nínú rẹ̀. Al-Khwarizmi, Mùsùlùmí tó gbé ní Baghdad nígbà Khalifa al-Ma'mun (813 sí 833), tí àwọn òyìnbó yí orúkọ rẹ̀ padà di algorithm, sọ pé nítorí pípín ogún, ẹjọ́, òwò àti wíwọn ilẹ̀ ni òun fi kọ ìwé al-jabr. Láti Akinyele dé Ona-Ara, ta ni kò mọ ìjà ogún àti ti ààlà oko? Bóyá ọmọ tí a fi rẹ́rìn-ín ni ìbá kọ ètò tí yóò bá wa pín in.

Mo lọ sílé bàbá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Bàbá ní kí n bá ọmọ náà sọ ọ́. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó ti da gbogbo ohun tó wà ní bọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà kọ, ó fi báírò pupa so àkámọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ìkejì rẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú o, ọ̀kan wà níbí tí wọn ò pa dé."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni.