Ẹ̀rí Ẹnu àti Ẹ̀rí Irin

Bí bàbá bá fi ohun kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, tí ó sì fi ìtàn kan lé e lórí, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ náà wádìí ìtàn ọ̀hún? Ìbéèrè yìí dà bí ohun tí kò le, ṣùgbọ́n ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá kan náà. Àwọn kan wí pé ẹni tí ó ń wádìí ọ̀rọ̀ òkú ti pe òkú ní òpùrọ́. Àwọn mìíràn wí pé ogún tí a kò mọ ìdí rẹ̀ kò sàn ju ẹrù tí a ń bá àlejò tọ́jú. Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nípa ohun kan ṣoṣo, èyíinì ni ìbọn ìléwọ́ oníhò mẹ́fà, irú èyí tí àgbá kékeré tí ó gba ọta rẹ̀ máa ń yí bí a bá ti ń yìn ín. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti jogún irú rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá ńlá wọn.

Ìdí tí mo fi yan ìbọn ni pé kò dà bí aṣọ tàbí ọ̀pá ìtilẹ̀. Aṣọ bàbá ẹni kò lè bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ ní ìwé lára: orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó rọ ọ́, nọ́ńbà tirẹ̀, àmì ilé tí a ti dán an wò, àti nígbà mìíràn ọdún. Nítorí náà ẹlẹ́rìí méjì ni ó wà nínú ilé, ẹnu bàbá àti ara irin, àwọn méjèèjì kì í sì í sọ ohun kan náà nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1836 ni ìjọba ibẹ̀ fún Samuel Colt ní ìwé àṣẹ lórí ìbọn alágbàá yíyí tí ó hùmọ̀. Ó kú ní 1862, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Ní 1873 ni èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú àwọn ìbọn wọn jáde. Bí ìdílé kan bá ní irú ìbọn 1873 yìí, tí wọ́n sì ń wí pé bàbá ńlá àwọn ni ó gbé e lọ sí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ogun náà ti parí ní 1865, ìbọn kì í sì í lọ sí ogun tí ó parí kí a tó rọ ọ́. Ohun mìíràn tún wà tí ó ń ṣi àwọn tí ó mọ̀wé pàápàá lọ́nà. A tẹ ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án 1871 àti ọjọ́ 2 oṣù keje 1872 sí ara irin rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò yára wí pé, “Ìgbà tí a ṣe é nìyí.” Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọjọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ìhùmọ̀ náà ni, a sì ń tẹ̀ ẹ́ sára àwọn tí a ṣe ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Nọ́ńbà ni a ń bi léèrè ọjọ́ orí ìbọn. Nípa nọ́ńbà ni a fi ń wá a rí nínú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ti ilé iṣẹ́ náà: ọjọ́ tí ó kúrò níbẹ̀, àti oníṣòwò tí a fi ránṣẹ́ sí. Ẹ kíyèsí i pé orúkọ oníṣòwò ni a sábà máa ń rí, kì í ṣe orúkọ ẹni tí ó fi owó rà á ní ìsọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni irin pa ẹnu mọ́.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí ó súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó gbé ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ wọ inú ilé wọn. Láti 1915 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo Webley Mark VI, a sì máa ń tẹ ọdún tí a ṣe é sí i lára. Ká wí pé ìyá àgbà kan sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, “Èyí ni bàbá rẹ àgbà mú lọ́wọ́ ní odò Somme.” Ìjà odò Somme, ní ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1916, ó sì parí ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ọmọ náà rọra fi òróró nu ìpẹtà, ó sì rí 1917. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi yanrìn bó o o, nítorí ẹni tí ó ń họ ìpẹtà lè họ ẹ̀rí dànù.) Tàbí kí ó rí orúkọ Enfield, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé láàárín 1921 sí 1926 ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà ní Enfield ṣe irú ìbọn yìí, nígbà tí ogun ti parí láti 1918. Ó sì lè rí i pé kì í ṣe ìbọn Gẹ̀ẹ́sì rárá, pé ní Eibar ní ilẹ̀ Sípéènì ni a ti rọ ọ́, nítorí pé nígbà tí ìbọn kò tó àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò, wọ́n ra ti ibẹ̀ kún un.

Ǹjẹ́ ìyá àgbà purọ́? Àwọn tí ó yára yóò wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò fara mọ́ pípa òwe náà níhìn-ín. Ó lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ dé odò Somme ní tòótọ́, tí ó sì gba ìbọn mìíràn ní ọdún kejì, tàbí kí ó ra èyí tí ó gbé wálé lẹ́yìn ogun. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, aya rẹ̀ rí ìbọn nínú àpótí, ó sì rántí orúkọ Somme, ó so méjèèjì pọ̀. Ìsopọ̀ yẹn nìkan ni irin já. Ìwé orúkọ àwọn ọmọ ogun lè fi hàn síbẹ̀ pé ọkùnrin náà wà níbẹ̀. Bí ọmọ kò bá wádìí, tí àjèjì kan sì rí 1917 náà lọ́jọ́ kan, yóò fi ìbọn náà da gbogbo ìtàn bàbá àgbà nù. Nítorí náà ni mo fi wí pé ẹni tí ó wádìí ni ó bọ̀wọ̀ fún òkú jù.

Ṣùgbọ́n kí olùwádìí pẹ̀lú má ṣe gbéraga. Irin lè wí fún wa pé ohun kan kò lè rí bẹ́ẹ̀. Agbára káká ni ó fi lè wí pé ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ náà bá rí 1915 dípò 1917, kí ni ó mọ̀? Ó mọ̀ pé ìbọn náà ti wà láyé kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni ibi tí owó ti ń ba ọkàn ènìyàn jẹ́. Ní oṣù kẹjọ 2021, a ta ìbọn Colt kan ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là. Irin rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n rà ni pé òun ni Pat Garrett fi pa Billy the Kid ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1881 ní Fort Sumner. Ìwé ẹ̀rí sì wà fún èyí, nítorí pé ìbọn náà ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, opó Garrett sì lọ sí ilé ẹjọ́ kí ó tó gbà á padà. Ẹni tí ó bá rí irú owó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní Colt bàbá rẹ̀ nínú àpótí láìsí ìwé kankan, ó rọrùn fún un láti sọ “bóyá” di “dájúdájú” létí ẹni tí ó fẹ́ rà á. Nígbà náà ni ìtàn ìdílé di irọ́ gan-an, láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn ìdílé kì í fẹ́ gbọ́. Ẹran ìgbẹ́ kọ́ ni a tìtorí rẹ̀ rọ ìbọn ìléwọ́ àwọn ọmọ ogun. Ènìyàn ni a ń na ẹnu rẹ̀ sí. Ẹni tí ó ń wá akọni nínú ìtàn ìbọn lè bá òkú pàdé níbẹ̀, òkú náà sì ní ìyá. Ẹni tí a pa ní Fort Sumner kò tíì gbó. Bí kì í bá ṣe ikú rẹ̀, ta ni yóò ná mílíọ̀nù 6 dọ́là lórí irin tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Bí ọmọ kò bá lè gba apá yìí mọ́ ogún rẹ̀, kí ó má ṣe gba apá ògo nìkan.

Ṣáájú ohun gbogbo, kí ẹni tí ó mọ̀ nípa ìbọn wò ó bóyá ọta wà nínú rẹ̀, kí a sì bi òfin léèrè. Lẹ́yìn tí a pa ọmọ ilé-ìwé 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní 1996, òfin ọdún 1997 mú ọ̀pọ̀ jù lọ ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú ní ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tláǹdì, àyàfi àwọn ti àtijọ́ kan. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ. Nítorí náà ó lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ogún náà yóò parí sí, tí yóò sì ku ìwé nìkan. Kí ọmọ mú ojú ewé mẹ́ta. Lórí èkíní kí ó kọ nọ́ńbà àti gbogbo àmì tí ojú rẹ̀ rí lára irin. Lórí èkejì kí ó kọ ohun tí bàbá sọ, ní ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá gan-an, àti ẹni tí bàbá ti gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta ni ti ohun tí irin kò sọ tí bàbá kò sì sọ. Kí ó kọ ọjọ́ òní sí orí rẹ̀, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ ní òfìfo.