Ọkọ̀ Tí Wọ́n Sin Kó Má Bàa Bàjẹ́

Kò sí birikìlà kan ní Amukoko, l'Ékòó, tí kò mọ̀ pé omi ò jìnnà sókè ilẹ̀. Kó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé orókún, ìsàlẹ̀ kòtò ti ń rin. Garawa ni wọ́n á fi máa gbọ́n omi kí wọ́n tó ráyè da kọ̀ǹkéré. Ilẹ̀ àbàtà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀, títí dé Ajegunle, tí àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ fi yanrìn àti pàǹtírí dí kí wọ́n tó kọ́lé lé e lórí. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi kì í kan ilẹ̀kùn onílé, abẹ́ simẹ́ńtì yàrá ló máa ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé, ká ní àwọn ará Tulsa ti bi ọmọ Amukoko kan léèrè lọ́dún 1957 ni, wọn ì bá má sin mọ́tò wọn.

Tulsa wà ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1957, Oklahoma pé àádọ́ta ọdún tó ti di ìpínlẹ̀. Àwọn ará ìlú fẹ́ ṣe ohun tí ọmọ-ọmọ wọn á rí, tí wọn á fi máa royìn wọn. Wọ́n mú Plymouth Belvedere tuntun, onílẹ̀kùn méjì, aláwọ̀ wúrà àti funfun, tí ìdí rẹ̀ ga sókè bí lẹbẹ ẹja. Ọkọ̀ tó ń gbajúmọ̀ nígbà náà ni. Ìpolówó iléeṣẹ́ Plymouth lọ́dún yẹn fẹ́ káyé gbà pé ọdún 1960 ti dé ṣáájú àkókò rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò síwájú ilé ẹjọ́ ìlú náà, wọ́n fi kọ̀ǹkéré mọ ọ́n yí ká, wọ́n sì ń yangàn pé bọ́ǹbù átọ́míìkì gan-an ò ní lè rí i gbé ṣe. Wọ́n fi ohun adènà ìpáàrà kun ọkọ̀ náà, wọ́n wé e bí ẹni wé òkú ọlọ́lá, kérénì sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lóṣù kẹfà. Ọdún 2007 ni wọ́n dá pé àwọn máa hú u.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kó sí i. Wọ́n gbé epo bẹntiróòlù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí búùtù, nítorí wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe kí ayé má lo epo mọ́ tó bá fi máa di ọdún 2007, kí ẹni tó bá jogún ọkọ̀ náà má sì rí nǹkan rọ sí i. Wọ́n kó ọtí bíà sí i. Wọ́n tún da àwọn nǹkan tí obìnrin máa ń kó sí báàgì lọ́jọ́ náà sínú àpótí iwájú rẹ̀: ìkunrà ètè, piìnì irun, sìgá, àti tíkẹ́ẹ̀tì ìtanràn páàkì tí ẹnikẹ́ni kò tíì san. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló dùn mọ́ mi jù. Ẹni tó rò ó ti mọ̀ pé ìjọba ò ní gbàgbé gbèsè.

Wọ́n wá fi ọkọ̀ náà dá ìdíje sílẹ̀. Kí olúkúlùkù kọ iye èèyàn tó rò pé yóò máa gbé Tulsa lọ́dún 2007 sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá sún mọ́ iye náà jù ló ni mọ́tò. Ọkùnrin tó padà jẹ ẹ́ ti kú lọ́dún 1979, ọdún 28 kí wọ́n tó ṣí ibojì náà. Àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, tí àwọn náà ti darúgbó, wà lára àwọn tó jogún un.

Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2007, èèyàn ti wá láti ibi púpọ̀ lágbàáyé. Àwọn kan wọ aṣọ ayé àtijọ́, àwọn kan gbé Plymouth tiwọn wá kó lè pàdé èyí tó wà nísàlẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó lóókọ ti múra sílẹ̀ pé àwọn á gbìyànjú láti tan ẹ́ńjìnnì náà lójú gbogbo ayé. Wọ́n gbé ọmọrí kòtò kúrò. Omi! Omi tó ga ju ìdí ènìyàn lọ ló wà nínú rẹ̀, àmì tó sì wà lára ògiri fi hàn pé ìgbà kan ti wà tí omi náà kún bò ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa omi náà gbẹ, wọ́n gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi wé e níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn lálẹ́ ọjọ́ kejì, ohun tó jókòó síbẹ̀ dà bí amọ̀ tí wọ́n mọ bí mọ́tò. Wúrà ti lọ, funfun ti lọ. Àga inú rẹ̀ ti jẹrà, sípíríǹgì ẹ̀yìn ti jẹ tán, ìdí rẹ̀ sì ti wó lulẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kankan ò tàn lọ́jọ́ náà.

Kí ló fà á? Kọ̀ǹkéré le, ṣùgbọ́n kì í ṣe ike. Ó máa ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi á sì gba ibẹ̀. Ìlú etídò sì ni Tulsa, odò Arkansas gba àárín rẹ̀ kọjá, àgbàrá ńlá sì ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, títí kan èyí tó pa èèyàn lọ́dún 1984. Tí omi bá ti wọlé sínú kòtò tí kò ní ibi tó máa gbà jáde, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Aṣọ tí wọ́n fi wé ọkọ̀ ò wá lè lé omi jáde, ńṣe ló dì í mọ́ irin lára. Irin, omi àti afẹ́fẹ́, bí àwọn mẹ́ta yìí bá ti pàdé, ìpáàrà dé nìyẹn. Ó sì burú fún wọn pé wọ́n yan Plymouth ọdún 1957 láàárín gbogbo ọkọ̀ tó wà, nítorí kíákíá ni wọ́n kó irú rẹ̀ jáde sọ́jà lọ́dún náà, àwọn tó ń wà á lójú títì gan-an sì ń pariwo pé ó ń dógùn-ún láìpẹ́ ọjọ́.

Ohun kan wà nínú kòtò náà tí omi ò rí mú. Wọ́n sin àgbá irin kékeré kan tì í, tí wọ́n fi iná jó ẹnu rẹ̀ pa pátápátá. Wọ́n kó ìwé àti àsíá Amẹ́ríkà onírawọ̀ 48 ti ìgbà náà sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí i, gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú. Nǹkan kékeré ṣeé dí lẹ́nu. Mọ́tò kò ṣeé dí, ihò rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Mo ń sọ ìtàn yìí nítorí àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ nílé láàárín wa. Láyé ọdún 1960 sí 1969, àwọn olówó Èkó ra ọkọ̀ Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní wàhálà tirẹ̀. Apá òsì ni sítíárìnì rẹ̀ wà, apá òsì ọ̀nà náà sì ni Nàìjíríà ń wà mọ́tò títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Etí gọ́tà ni dírẹ́bà jókòó sí. Kó tó lè ya ọkọ̀ níwájú rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó jókòó tì í ló máa bá a yọjú wò ó. Síbẹ̀ wọ́n rà á, ẹni tó bá sì rí Ford Thunderbird ọdún 1965 á mọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré, bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn, ẹ́ńjìnnì lítà 6.4. Tí ọkọ̀ bá ti dúró, sítíárìnì ṣeé tì sí ẹ̀gbẹ́ kí alágbádá lè sọ̀ kalẹ̀ láìfara gbún nǹkan kan. Tíráfíkétọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kàn ṣẹ́jú lásán: iná mẹ́ta ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà nínú á kọ́kọ́ tàn, ti àárín á tẹ̀ lé e, ti etí á gbẹ̀yìn, bí ẹni ń nàka síbi tó ń lọ. Mọ́tò iná kékeré kan tó fara pamọ́ ló ń yí i.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú sí yín lọ́wọ́ báyìí, kò sí èkejì ní èbúté Apapa. Òfin Kọ́sítọ́ọ̀mù ò fàyè gba mọ́tò àlòkù tó bá ti lé ní ọdún 12 láti ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Ọ̀nà àbùjá Kùtọnu náà, ìjọba ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2017, pé mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ẹni tó bá ní òun mọ ejẹ́ńtì tó lè bá yín kó Thunderbird ọdún 1965 jáde nínú kọ̀ǹténà, ẹ di owó yín mú.

Èyí tó wà nílẹ̀ náà ni ká tọ́jú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe bíi Tulsa. Ẹni tó bá ń rìn kiri àdúgbò wa á ti rí i: ọkọ̀ bàbá tó ti dolóògbé, tapólìn ni wọ́n fi bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n fi okùn dì í, wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù lé etí tapólìn. Àwọn mẹkáníìkì mọ ìjíròrò tó máa ń wáyé nídìí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká máa tan ọkọ̀ yìí, ká máa wà á dé Òrílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀."

"Kí ọlọ́kadà wá fi irin họ ọ́ lára? Fi í síbẹ̀, jàre. Bí Dádì ṣe fi í sílẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kó wà."

Kò ní wà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Amukoko ń mí omi sókè lójoojúmọ́. Oòrùn á mú kí ọ̀rinrin náà gòkè, á bá tapólìn pàdé, á kán padà sórí páńẹ́ẹ̀lì. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ní iyọ̀ nínú, ìpáàrà kì í fẹ́ràn nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Fúlọ́ọ̀ ló máa kọ́kọ́ lu, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì ti mu omi. Bẹntiróòlù á di gọ́ọ̀mù nínú kábúrétọ̀. Òróró búrèkì máa ń fa omi mọ́ra fúnra rẹ̀, irin inú búrèkì á gan. Eku á sì fi wáyà ṣe oúnjẹ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe rẹwáyà, ọ̀rọ̀ á tó owó ìyàwó.

Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n tọ́jú máa ń ṣe kò le. Wọ́n á gbé e sórí kọ̀ǹkéré tó ga ju ibi tí àgbàrá ń dé, wọ́n á fi aṣọ òwú tí atẹ́gùn lè gbà kọjá bò ó dípò ọ̀rá, wọ́n á sì máa wà á títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa. Títan-án fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó pa á ò wúlò, omi tó dì sínú sáílẹ́ńsà ò ní ráyè gbẹ. Ìlà ara tí ọlọ́kadà bá fi họ ọ́, páńẹ́ẹ̀bítà lè tún un ṣe. Ìdí tó ti lu, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Lónìkan, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀, ọkọ̀ Mercedes-Benz dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí nínú sún kẹẹrẹ-fà kẹẹrẹ Ìkòyí lọ́jọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀ títí dòní. Ihò ọta ìbọn ṣì hàn lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sin ín. Abẹ́ òrùlé, níbi tí ọmọ iléèwé ń tò wọlé wò ó ni wọ́n gbé e sí. Bí ìpáàrà bá yọ lára rẹ̀, ẹnì kan á rí i lọ́jọ́ kan náà.

Ní ti Plymouth Tulsa, ilé iṣẹ́ kan ní New Jersey fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ ìpáàrà kúrò lára rẹ̀. Àwọ̀ wúrà díẹ̀ yọjú, ṣùgbọ́n egungun ọkọ̀ náà ti jẹ kọjá ohun tí wọ́n lè wà. Lọ́dún 2017 wọ́n gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ kan ní Roscoe, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Àwọn ará Tulsa ò sì fi mọ sí ẹyọ kan. Lọ́dún 1998, kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èkíní, wọ́n ti gbé ọkọ̀ mìíràn pamọ́, Plymouth Prowler, tí wọ́n máa ṣí lọ́dún 2048. Orí ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé tirẹ̀ sí.